Ọtí Bíà Tí A Pọn Sínú Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara òun pọn bíà nínú ilé, àti pé yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé òun tutù dáadáa, ibẹ̀ ni òun sì ń gbé ọtí náà sí títí yóò fi tó mu. Ọ̀rẹ́ kan sọ fún un pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọtí náà lè pa á. Ọ̀rẹ́ kejì ní ọtí àpọnnílé a máa fọ́ ènìyàn lójú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ̀wé sí wa, ìgò méjì bú gbàmù nínú ilé ìdáná wọn, àfọ́kù rẹ̀ sì kan ògiri. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ní kó gbé gbogbo rẹ̀ dànù. Ó wá bi wá pé ta ni kí òun gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí.

Ìdáhùn wa ni pé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ọ̀rẹ́ kejì fi ọtí kan pe òmíràn. Ní ti ìyàwó, kò jẹ̀bi rárá, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá adẹ́mu rìn rí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹmu tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ a máa dùn. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti le, ó sì ń hó. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ohun tó ń mú kí ó le, kí ó sì máa hó ni ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Oúnjẹ rẹ̀ ni ṣúgà tó wà nínú ẹmu. Bó bá ti jẹ ṣúgà náà, a sọ ó dín díẹ̀ ní ìlàjì rẹ̀ di afẹ́fẹ́, a sì sọ ìyókù di ohun tó ń pa ènìyàn bí ọtí. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ẹmu máa hó nínú akèrègbè.

Bíà kò yàtọ̀ sí i, àfi pé inú ọkà ni ṣúgà tirẹ̀ ti ń jáde. Wọ́n á rẹ ọkà báálì sínú omi títí yóò fi hù, wọ́n á gbẹ ẹ́ lórí ooru, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí adùn rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọn á wá se omi náà pẹ̀lú òdòdó kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní hops. Bó bá tutù tán, wọ́n á da ìwúkàrà sí i. Àwọn ìyá wa tó ń fi àgbàdo tó hù ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò rí i pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fi hops sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Kí ló dé tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń wá ibi tútù fún ọtí wọn? Nítorí pé bí ooru bá pọ̀, ìwúkàrà a máa sáré jù, a sì máa bí oríṣi àwọn ọtí líle mìíràn tó ń mú kí bíà ta ènìyàn lọ́nà ọ̀fun bí ògógóró. Kòkòrò tó ń mú ọtí kan náà fẹ́ràn ooru. Àwọn ará Bavaria ní Jámánì ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ní 1553, Albrecht Karùn-ún tó ń jọba lórí wọn pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn bíà láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, èyí tí í ṣe ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn. Ọtí tí wọ́n bá pọn nígbà òtútù ni wọ́n ń kó sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì to omi dídì sí. Wọ́n gbin igi sórí ihò náà kí ìbòòji rẹ̀ lè jẹ́ kó túbọ̀ tutù, abẹ́ ìbòòji náà sì ni àwọn ènìyàn wá sọ di ibi ìmutí. Bíà tí a fi òtútù pọn bẹ́ẹ̀ tí a sì tọ́jú pẹ́ ni à ń pè ní lager, ọ̀rọ̀ Jámánì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìpamọ́ lọ. Irú rẹ̀ ni Star tó kọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949.

Kí ọ̀rẹ́ wa tó kọ̀wé mọ̀ pé oríṣi ìwúkàrà méjì ló wà. Èyí tí à ń lò fún bíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ale fẹ́ bí ìwọ̀n 18 sí 20 ní òṣùwọ̀n Celsius. Ti lager fẹ́ òtútù ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí 9 sí 13. Nítorí náà, kí ó kọ́ ra tẹmomítà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àgbá ọtí gan-an, kì í ṣe ara ògiri. Ìdí ni pé ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ a máa mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ọtí inú àgbá sì lè fi ìwọ̀n mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju yàrá tó wà lọ. Bí yàrá náà kò bá tutù tó, kí ó rántí àmù ìyá rẹ̀ nílé. Kí ó gbé àgbá náà sínú ọpọ́n omi, kí ó fi aṣọ tútù wé e lára, kí etí aṣọ náà sì wà nínú omi. Bí omi bá ti ń gbẹ kúrò lára aṣọ náà ni yóò máa gbé ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí àmù ṣe ń mú omi tutù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí fìríìjì.

Òtútù yìí kan náà ló fa ọ̀rọ̀ ìgò tó bú. Bí òtútù bá mú ìwúkàrà jù, kì í kú, oorun ni yóò sùn. Ọtí náà yóò dákẹ́, kò ní hó mọ́, ẹni tó pọn ọ́n yóò sì rò pé ó ti parí, nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò rọ ọ́ sínú ìgò, yóò fi ṣúgà díẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí àṣà, yóò dé e pa, yóò sì gbé e gòkè lọ sí ilé ìdáná tó móoru. Níbẹ̀ ni ìwúkàrà yóò ti jí. Yóò jẹ ṣúgà tuntun, yóò jẹ ti àtijọ́ pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ yóò máa pọ̀ sí i nínú ìgò tí kò ní ojú ihò kankan, títí agbára ìgò yóò fi pin. Àfọ́kù ìgò bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú tàbí kí ó gé iṣan ọrùn. Bí ọ̀rẹ́ kejì bá sọ pé ọtí àpọnnílé ń fọ́ ojú lọ́nà báyìí, a kò ní bá a jiyàn.

Ojú kọ́ la fi ń mọ ìgbà tí bíà parí. Ohun ìwọ̀n kan wà tí a fi dígí ṣe, tó ń léfòó nínú ọtí, hydrometer ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó lè fi 1.050 hàn. Bí ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà, yóò máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dé itòsí 1.010. Bí ó bá dúró sí ojú kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ojú náà sì jẹ́ èyí tó yẹ irú bíà náà, ó ti parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró sókè, bí 1.025, kí ó gbé àgbá náà lọ sí yàrá tó móoru tó ìwọ̀n 20, kí ó sì dúró kí ìwúkàrà tún jí kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìgbà náà ni kí ó tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ṣúgà tí yóò fi sí i nígbà náà kò ju gíráàmù 6 tàbí 7 lọ fún lítà kan, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Kí ó má fi ṣíbí bù ú lójú lásán. Ìgò bíà tó nípọn ni kí ó lò, kì í ṣe ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ra nǹkan mìíràn bọ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dá, wọn a máa rọ ọ̀kan sínú ìgò rọ́bà tí a fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ìgò rọ́bà náà bá ti le bí òkúta, ó yẹ kí a gbé gbogbo rẹ̀ sínú òtútù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Carbon dioxide ni orúkọ rẹ̀. A kò lè rí i, kò sì ní òórùn tí a lè fi dá a mọ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí lọ ní ìdajì, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń wá, inú kòtò àti ihò ló sì máa ń dúró sí. Kò sí ibi tí irú afẹ́fẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀ ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ bí inú kànga. Ẹnì kan yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ gbẹ́ kànga, yóò ṣubú láìké. Àbúrò rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á, òun náà yóò ṣubú. Àwọn kan a ní anjọ̀nú ló wà níbẹ̀. Kò sí anjọ̀nú kankan, afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé mí ló kún ìsàlẹ̀ kànga náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìṣirò wò ó kí a má baà dá ẹ̀rù ba ara wa lásán. Bíà lítà 20, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pọn lẹ́ẹ̀kan nínú ilé, a máa tú afẹ́fẹ́ yìí tó bí 400 lítà jáde kí ó tó parí. Bí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan bá gùn ní mítà 5, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì ga ní mítà 2 àti ààbọ̀, 50,000 lítà ni yóò gbà. Lítà 400 nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100, ọjọ́ mélòó kan sì ni yóò fi máa jáde díẹ̀díẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti bá abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé lọ. Àgbá kan nínú yàrá tó tóbi bẹ́ẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé àgbá kan náà sínú kọ́ńbọ́dù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà méjì, 2,000 lítà péré ni ibẹ̀ gbà. Bí afẹ́fẹ́ náà kò bá ráyè jáde, ó lè di ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì to àgbá mẹ́fà sínú yàrá ńlá náà tí ó sé e pa, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ìdá 4 nínú 100 ni àwọn tó ń ṣọ́ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kà sí èyí tó léwu fún ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Orí yóò máa fọ́ ènìyàn, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, òòyì yóò sì máa kọ́ ọ. Bó bá tó ìdá 10, ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn àgbà kan a máa gbé àbẹ́là wọ inú ihò ọtí, wọ́n ní bí iná bá ti kú, kí ènìyàn jáde. A kò fọwọ́ sí i, nítorí pé àbẹ́là lè ṣì máa jó níbi tí afẹ́fẹ́ náà ti ń ṣe ènìyàn níbi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn carbon dioxide, ẹni tó bá ń pọn ọtí púpọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kí ó rà á. Ẹni tó ń pọn àgbá kan péré, kí ó ṣí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí híhó rẹ̀ le jù. Kí ó má sùn síbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nílẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ki orí bọ inú àgbá láti gbóòórùn rẹ̀ tàbí láti fọ̀ ọ́. Bí ó bá bá ẹnì kan tó ṣubú sílẹ̀ nínú yàrá bẹ́ẹ̀, kí ó ṣí ohun gbogbo tó ṣeé ṣí láti ìta, kí ó sì pe àwọn panápaná. Kí ó má sáré wọlé tọ̀ ọ́ lọ bí àbúrò agbẹ́kànga.

Ohun kan tún wà tí ọ̀rẹ́ wa kò bèèrè, ṣùgbọ́n tó burú ju gbogbo èyí lọ. Níbo ló ti ń se omi ọkà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yìí kan náà ló ń gbé sítóòfù onígáàsì ńlá sí, kí ó gbé e jáde lónìí. Iná tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó a máa tú carbon monoxide jáde, ẹ̀yà afẹ́fẹ́ mìíràn ni, kíún rẹ̀ sì tó láti pani. Òun ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn nílẹ̀ wa níbí. Ìta gbangba ni kí ó ti máa se ọtí rẹ̀.

Ní ti ojú fífọ́, methanol ló ń ṣe é. Bíà tí a fi ọkà pọn kì í ní in tó èyí tí yóò ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ọtí tí a dáná sí lábẹ́ tí a sì gba ooru rẹ̀, bí ògógóró, ni kí a máa bẹ̀rù, pàápàá èyí tí oníwọra ti lú. Ní 2015, àwọn ènìyàn kú ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú sì fọ́ mọ́ àwọn mìíràn lórí kí wọ́n tó kú. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol ni wọ́n rí níbẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ wa dúró sórí bíà rẹ̀. Kí ó má gbìyànjú àtisọ ọ́ di ògógóró, òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà á láyè láti ṣe é nínú ilé.

Èyí kò wá sọ pé kò sí májèlé tó lè wọ inú ọtí ọkà. Ní oṣù kìíní 2015, ní Chitima ní ilẹ̀ Mozambique, ènìyàn 75 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu pombe, ọtí ọkà ìbílẹ̀ wọn, níbi ìsìnkú. Obìnrin tó pọn ọ́n wà lára àwọn tó kú. Àwọn kan kọ́kọ́ ní òróǹro ọ̀nì ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí, ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Kòkòrò kan ti hù nínú rẹ̀, ó sì ti tu oró tí sísè kò lè pa. Ọkà tó bá ti bu, tó yí àwọ̀, tàbí tí omi ti wọ̀, ẹ dà á nù, kódà kó jẹ́ owó gọbọi lẹ fi rà á. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ a sì máa ní ọ̀rinrin, nítorí náà ibi gbígbẹ lókè ni kí a tọ́jú ọkà sí, ọtí nìkan ni kí ó wà nísàlẹ̀.

Àgbá náà ṣe pàtàkì. Gbogbo bíà ló kan díẹ̀, kíkan yìí sì ń jẹ irin. Garawa onísíńkì kò dára, síńkì yóò yọ́ sínú ọtí, ẹni tó bá mu ún yóò sì máa bì. Ní apá gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tó ń mu ọtí ọkà tí a pọn sínú ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù irin fún ọdún pípẹ́ kó irin púpọ̀ jọ sínú ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn fi bàjẹ́. Rọ́bà tí a ṣe fún oúnjẹ, dígí, tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ó lò. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ra oògùn apakòkòrò kò ṣeé fọ̀ mọ́ láéláé. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí a kọ́kọ́ fi fọ ohun èlò, kí a tó fi oògùn apakòkòrò-àrùn ṣan án. Bí ó bá ń lo bílíìsì, kí ó má da fínígà pọ̀ mọ́ ọn o, èéfín tí yóò jáde yóò bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà.

Nígbà tó bá fi tó mu, kí ó rántí pé bíà àpọnnílé lè le ju ti ìgò ọjà lọ. Kí ó ṣírò agbára rẹ̀ láti inú ìwọ̀n hydrometer àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kí ó sì kọ ọ́ sára ìgò fún àlejò. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò kì í ṣe májèlé, ìwúkàrà ni, ṣùgbọ́n a máa dá afẹ́fẹ́ sínú ikùn, a sì máa ṣí àwọn mìíràn nínú. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún, àti ẹni tí dókítà ti ní kó jìnnà sí ọtí nítorí ẹ̀dọ̀. Òfin gbà á láyè láti pọn ọ́n fún ìlò ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Carter ti fọwọ́ sí i ní 1978 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fàyè gbà á, 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún fún àgbàlagbà kan, tàbí 200 nínú ilé tí wọ́n bá tó méjì. Kò gbọdọ̀ tà á.

Ó ku àwọn ìgò tó kù nínú ilé ìdáná náà, èyí sì ni kí ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó ka ohun mìíràn tí a kọ síhìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó lé àwọn ọmọ jáde. Kí ó wọ awò tó bo ojú àti ìbọ̀wọ́ aláwọ, kí ó wọ ẹ̀wù tó nípọn. Kí ó fi aṣọ ìnura ńlá bo àwọn ìgò náà kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó kó wọn sínú páálí tó lágbára tàbí àpótí onídèérí, láìgbọ̀n wọ́n. Kí ó rọra gbé e lọ sínú fìríìjì tàbí síta nínú òtútù, kí ó sì fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé bí ọtí bá tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a rọlẹ̀. Kí ó tó wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ ìnura, ní ìta, kí ẹnu ìgò kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn. Èyí tó bá rú jáde púpọ̀, kí ó dà á nù. Èyí tó bá dákẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ sì gbà pé kí ó máa pọn ọtí lọ, kí wọ́n jọ tọ́ ọ wò.